Igbó àti ìrora obìnrin: ibi tí ìwádìí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí èèyàn bá dárúkọ igbó, ọlọ́pàá ló ń wá síni lọ́kàn, kì í ṣe oníṣègùn. Àwọn ìyá elégbòogi ọjà Wàndó ní ewé àti egbò fún inú rírun nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n léèrè igbó: òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 1997 kà á mọ́ oògùn olóró. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ obìnrin ti wà nídìí ewé yìí tipẹ́.

Ìwé ìṣègùn Ìjíbítì tí wọ́n ń pè ní Ebers, ti nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú Kristi, ní ewé kan tí wọ́n ń gún mọ́ oyin fún ojú ara obìnrin. Àwọn onímọ̀ kan ní igbó ni. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni ti Beit Shemesh, lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù. Nínú ibojì kan tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn, wọ́n bá egungun ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún 14, egungun ọmọ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà kò gba ọmọ náà. Eérú tó wà lára ọmọbìnrin náà ní igbó nínú, ìwé ìròyìn Nature sì gbé e jáde ní 1993. Ó jọ pé àwọn agbẹ̀bí sun igbó náà fún un kí ara lè dẹ̀ ẹ́.

Ìtàn Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní ó fi igbó pa ìrora nǹkan oṣù, kò wọ̀ mí létí. Lóòótọ́ ni John Russell Reynolds, dókítà ààfin, yin igbó nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, ní 1890. Àmọ́ 1878 ni wọ́n yàn án sí ààfin, Victoria sì ti lé ní ẹni ọdún 58. Nǹkan oṣù wo ló kù?

Ṣáájú Reynolds, William O'Shaughnessy, dókítà ará Ireland, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn ní Calcutta, ní Íńdíà, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1839. Dókítà John Brown ní 1883 sì ní ó dára fún ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó ń ya jù. Wàhálà wọn ni pé agbára oògùn náà kì í dọ́gba, ti òní lè le ju ti àná lọ. Àdéhùn Geneva ti 1925 lórí oògùn olóró dé e mọ́lẹ̀. Ní 1942 Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ìwé oògùn wọn.

Àwọn onímọ̀ ará Ísírẹ́lì, Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, yọ THC, èròjà inú igbó tó ń pani bí ọtí, sọ́tọ̀ ní 1964. Ní 1992, ilé ìwádìí Mechoulam rí anandamide, ohun tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe tó ń ṣiṣẹ́ bíi THC. Ó wà nínú ilé ọmọ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àwọn oníwàádìí ti yíjú sí endometriosis, àìsàn tí ẹran bíi ti inú ilé ọmọ ń hù síta rẹ̀, tó ń dààmú nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10. Ní Australia, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: nínú àbọ̀ tó jáde ní 2020, nínú àwọn tó ń tọ́jú ara wọn nílé, ó lé ní 1 nínú 10 tó ti ń lo igbó. Ohun tí obìnrin sọ lẹ́nu nìyẹn, kò tíì tó ìdánwò. Ti aláboyún àti ìyá ọlọ́mú yàtọ̀ pátápátá: THC ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú oyún, ó sì ń wọ inú ọmú.