Bàálù olówó pọ́ọ́kú ní Kòríà: bí Jeju Air ṣe ń rìn, ibi tó ń lọ àti irú bàálù tó ń lò

Ọ̀nà bàálù kan wà ní South Korea tí èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé kò sí èkejì ẹ̀ lágbàáyé, ìyẹn láti pápákọ̀ Gimpo nílùú Seoul sí erékùṣù Jeju. Nǹkan bíi kìlómítà 450 ni, wákàtí kan péré lójú òfuurufú, bàálù kan ò ní tíì lọ jìnnà tí òmíràn á ti tò sẹ́yìn tó fẹ́ gbéra. Jeju làwọn ará Kòríà ti ń lo họ́lídè, ibẹ̀ làwọn tọkọtaya tuntun ń lọ, ibẹ̀ náà ni ọsàn tí wọ́n ń jẹ lásìkò òtútù ti ń wá. Téèyàn bá fẹ́ mọ̀ bí bàálù olówó pọ́ọ́kú ṣe ń pawó lórílẹ̀-èdè yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí ni pé lọ́dún 2004 ni ìjọba gbé reluwé eléré àsápajúdé tí wọ́n ń pè ní KTX jáde, láti ìgbà náà lẹni tó ń lọ sí Busan tàbí Daegu ti lè jókòó jẹ́jẹ́ sínú reluwé kó sì débẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, kí ló tún fẹ́ wá dé pápákọ̀. Àmọ́ reluwé ò lè gba orí òkun lọ sí Jeju. Bákan náà ni kò sẹ́ni tó lè fi mọ́tò jáde kúrò ní South Korea, torí ẹnu ibodè North Korea ti tì pa, òkun ló sì yí ìyókù ká. Bí wọ́n ṣe wà yẹn, bí ará erékùṣù ni gbogbo wọn, ẹni tó bá fẹ́ jáde, àfi bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Jeju àti Aekyung, ilé iṣẹ́ kan táwọn èèyàn mọ̀ sí oníṣòwò ọṣẹ, ló jọ dá Jeju Air sílẹ̀ lóṣù January 2005. Ọjọ́ 5 oṣù June 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ fò, bàálù kékeré alábẹ̀bẹ̀ tó ń jẹ́ Q400 ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n gbé Boeing 737-800 wọlé, wọ́n wá kó àwọn alábẹ̀bẹ̀ yẹn kúrò pátápátá, wọ́n ní irú bàálù kan ṣoṣo làwọn fẹ́ máa lò.

Ibí yìí gan-an ni àṣírí òwò náà wà. Tí ilé iṣẹ́ bá ń lo oríṣi bàálù mẹ́rin, páílọ́ọ̀tì tó ń wa tibí ò lè ṣàdédé lọ wa tọ̀hún, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pátì (ẹ̀yà ara bàálù) tí wọ́n máa kó pamọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 737 nìkan, bí ọ̀kan bá yọnu láàárọ̀, wọ́n á fa òmíràn jáde, páílọ́ọ̀tì kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, síìtì kan náà, èrò lè má tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Síìtì 189 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n tò ó mọ́ra wọn dáadáa.

Bàálù ò sì gbọ́dọ̀ sùn. Ká mú ọ̀kan tó jí sí Incheon, pápákọ̀ ńlá tó wà nítòsí Seoul. Á gbéra láàárọ̀ lọ sí Osaka ní Jàpáànì, èrò á sọ̀, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á bu epo, òmíràn á wọlé, ó di Incheon padà. Lọ́sàn-án ó lè tún já sí Fukuoka. Tílẹ̀ bá ṣú, ìgbà yẹn ló máa wá kọrí sí Cebu ní Philippines, bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, á balẹ̀ lóru, á kó àwọn tí họ́lídè wọn ti parí, ìdájí ni wọ́n máa padà dé. Incheon ló gba irú ìyẹn torí kì í tìlẹ̀kùn, Gimpo ní tiẹ̀ ń tì láti aago mọ́kànlá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀ káwọn aládùúgbò lè sùn.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ débi tó ń jọni lójú, síìtì nìkan ló wà fún. Ẹni tó ra èyí tó rẹlẹ̀ jù máa gbé báàgì kìlò mẹ́wàá dání wọlé, ẹrù tó bá fẹ́ kó sí ìsàlẹ̀ bàálù á sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ síìtì ọ̀gangan iwájú á sanwó, ẹni tébi ń pa á ra núdù lórí afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n 737 ní ibi tágbára ẹ̀ mọ, bíi wákàtí mẹ́fà, ìyẹn ò lè gbé èèyàn dé Yúróòpù tàbí Los Angeles. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú ní Kòríà fi ń rọ́ síbì kan náà: Jàpáànì, Ṣáínà, Da Nang ní Vietnam, Bangkok, àti erékùṣù Guam àti Saipan. Nígbà tí ìjà òwò bẹ́ sílẹ̀ láàárín Kòríà àti Jàpáànì lọ́dún 2019 tí ọ̀pọ̀ ará Kòríà ò lọ sí Jàpáànì mọ́, gbogbo wọn ló jọ fara gbá a, kórónà sì tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. T'way, ilé iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú mìíràn, gba Airbus A330, bàálù ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, lọ́dún 2022, lọ́dún 2024 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ Paris, Rome, Barcelona àti Frankfurt, torí àjọ Yúróòpù ní Korean Air, ilé iṣẹ́ bàálù tó tóbi jù ní Kòríà, gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda àwọn ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó ra Asiana tó jẹ́ ìkejì ẹ̀. Jin Air, ilé iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ ti Korean Air, ní Boeing 777 tó tóbi ju 737 lọ. Jeju Air ní tiẹ̀ dúró ti 737, ó bu ọwọ́ lùwé lọ́dún 2018 láti ra 40 nínú èyí tuntun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ epo, àkọ́kọ́ dé ní November 2023, òun náà ló jẹ́ kí wọ́n lè máa lọ títí dé Bali ní Indonesia.

Ọjọ́ 29 oṣù December 2024 ni ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀. Bàálù 737-800 tó ń bọ̀ láti Bangkok kọlu ẹyẹ nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ Muan ní gúúsù South Korea, ó fikùn balẹ̀ láìsí táyà, ó sáré kọjá òpin ojú ọ̀nà, ó sì forí sọ òkìtì tó ní kọnkéré nínú níbẹ̀. Èèyàn 181 ló wà nínú ẹ̀, méjì péré ló yè, òṣìṣẹ́ bàálù làwọn méjèèjì. Ó dunni púpọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn èèyàn wá ń wo wákàtí tí bàálù Jeju Air kọ̀ọ̀kan ń lò lókè, 418 lóṣù nígbà tí ti Korean Air jẹ́ 355. Ilé iṣẹ́ náà dín ìrìn kù títí di March 2025 káwọn mẹkáníìkì lè ráyè. Wọ́n sì ń dá àwọn 737-800 tí wọ́n yá padà fún olówó wọn díẹ̀díẹ̀, bí àwọn tuntun tí wọ́n rà ṣe ń wọlé.