Àgbélébùú Irin: ohun tí rìbọ́n àti ọdún ara rẹ̀ ń sọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú Àgbélébùú Irin, àmì-ẹ̀yẹ ogun àwọn ará Jámánì, lọ́wọ́ máa ń yí i sẹ́yìn, á rí 1813 níbẹ̀, á sì gbà pé ohun tó ti lé ní igba ọdún ló wà lọ́wọ́ òun. Irọ́ ni. 1813 wà lára èyí tí wọ́n ṣe ní 1870, ó wà lára ti 1914, ó wà lára ti 1939. Ọdún ìdásílẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ náà ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọ́.

Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta ti Prussia, ọ̀kan lára àwọn ìjọba Jámánì ìgbà yẹn, ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Breslau, tó ń jẹ́ Wrocław ní Pólándì báyìí, nígbà tí wọ́n ń múra láti bá Napoleon jà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 1813 ni wọ́n kọ sínú ìwé ìdásílẹ̀, nítorí ọjọ́ ìbí ayaba Luise ni, ẹni tó ti kú ní 1810. Ọba fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán àkọ́kọ́, ayàwòrán-ilé Karl Friedrich Schinkel sì tún un ṣe dé ìrísí tí a mọ̀. Àpò ìjọba ti gbẹ nígbà náà, àwọn obìnrin ń kó wúrà wọn sílẹ̀ fún ogun, wọ́n sì ń gba ohun ọ̀ṣọ́ irin dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ irin. Lójú tiwa tí irin jẹ́ ti Ògún, kò yani lẹ́nu pé irin ni wọ́n fi yẹ́ jagunjagun sí, ṣùgbọ́n fún ààfin Yúróòpù ìgbà yẹn, ohun àjèjì gbáà ni. Àjèjì tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ṣọ́jà lásán àti ọ̀gágun lè gba ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ṣe é, torí ibẹ̀ ni ayédèrú ti máa ń tú. Ẹ̀yà mẹ́ta ni: àárín rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n kùn ní dúdú, férémù fàdákà méjì sì bò ó níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n á jó etí férémù méjèèjì pọ̀, irin á wà nínú wọn bí àwòrán inú férémù. Bí o bá fi awò asọ-ǹkan-di-ńlá wo etí rẹ̀, ó yẹ kí o rí ojú ibi tí férémù méjèèjì ti pàdé. Èyí tí wọ́n dà lódindi nínú mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo kì í ní ojú ìpàdé yìí, dúdú àárín rẹ̀ sì máa ń jẹ́ ọ̀dà lásán tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, tó ya wọ orí férémù.

Dúdú àti funfun jẹ́ àwọ̀ Prussia, òun náà ló wà lára rìbọ́n. Ipele kìíní, tó ga ju ipele kejì lọ, tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí rìbọ́n lásán tí wọ́n rán ní ìrísí àgbélébùú mọ́ àyà aṣọ, kí wọ́n tó sọ ọ́ di irin. Ti ipele kejì ló ń rọ̀ lára rìbọ́n. Ẹni tó jà lójú ogun gba rìbọ́n dúdú tó ní ìlà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ogun láìjà, bíi dókítà tàbí akọ̀wé, gba funfun tó ní ìlà dúdú. Nítorí náà, bí o bá rí ti 1914 lórí rìbọ́n funfun, má ṣe yára pè é ní àṣìṣe.

Ní 1813, iwájú rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yìn ni adé, FW (lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Friedrich Wilhelm), ewé igi óákù àti ọdún wà, ọ̀pọ̀ ló sì ń yí i kí ẹ̀yìn yẹn lè hàn. Bí ogun ti ń tán ni fífúnni rẹ̀ ń dópin, ọba mìíràn á tún un dá sílẹ̀ fún ogun tuntun. Wilhelm Kìíní ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 1870, Wilhelm Kejì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 1914. Lẹ́tà W kan náà ló wà láàárín tàwọn méjèèjì, ọdún tó wà ní apá ìsàlẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí o bá rí ewé óákù tó ní 25 lórí rìbọ́n ti 1870, àfikún tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895 fún àyájọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ogun náà ni.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1939 ni Hitler tún un dá sílẹ̀. Swastika, àmì ẹgbẹ́ Násì, bọ́ sí àárín, FW àti ewé kúrò lẹ́yìn, 1813 nìkan ló kù níbẹ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 44, nígbà tí ti 1914 jẹ́ nǹkan bíi 42. Rìbọ́n ló yí padà jù: pupa fífẹ̀ láàárín, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú létí. Ibí ni àwọn olùtajà ti máa ń ṣi rìbọ́n mú. Àgbélébùú iṣẹ́ ogun ti 1939 lo àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kan náà ní òdìkejì: dúdú fífẹ̀ láàárín, pupa létí. Ti àmì-ẹ̀yẹ ogun ìlà-oòrùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942 jẹ́ pupa tó ní ìlà tín-ín-rín funfun, dúdú, funfun láàárín. Ti àgbélébùú ọlá 1934 sì fara jọ rìbọ́n 1914 gan-an, àfi ìlà pupa tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ka àwọ̀ láti etí wọ àárín, má ṣe wò ó gààràgà. Ẹni tó ti gba ti 1914 tẹ́lẹ̀ kì í gba àgbélébùú tuntun, ẹyẹ idì tó ní 1939 ni wọ́n fún un, ó sì ń gbé e sórí rìbọ́n dúdú àti funfun àtijọ́. Àdàpọ̀ yẹn tọ̀nà.

Òrùka tí rìbọ́n gbà kọjá máa ń ní àmì ẹni tó ṣe é. Lára ti 1939, nọ́ńbà 4 jẹ́ ti Steinhauer & Lück ní Lüdenscheid, 65 jẹ́ ti Klein & Quenzer. Èyí tó bá ní L/ níwájú jẹ́ ti ọjà títà fún ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀dà kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òrùka kò ní àmì kankan, àmì sì rọrùn láti gbẹ́ sára ayédèrú.

Òòfà náà wúlò, àmọ́ kì í dájọ́ tán. Irin àárín yẹ kí ó fà mọ́ ọn, síbẹ̀ àwọn ojúlówó kan wà tí wọ́n fi idẹ tàbí síńkì ṣe, tí òòfà kò fà. Fún rìbọ́n, tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i nínú òkùnkùn. Bí funfun rẹ̀ bá tàn bíi gílóòbù, kẹ́míkà tó ń mú aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ rìbọ́n lẹ́yìn ogun, tàbí èyí tí wọ́n fi ọṣẹ òde òní fọ̀. Fa fọ́nrán kan yọ létí, kí o sì fi iná sí i: òwú á di eérú pẹ̀lú òórùn bébà, sílíìkì á rùn bí irun jíjó, pọlísítà á yọ́ di kókó líle. Má ṣe fi nǹkan dán férémù. Omi tó bá gba ojú ìpàdé wọlé á mú kí irin abẹ́ ọ̀dà dípẹtà, ọ̀dà á sì máa ṣí lórí rẹ̀.

Òfin Jámánì ọjọ́ 26 oṣù Keje 1957 gbà kí àwọn tó gbà á nígbà ogun tún máa lò ó, ṣùgbọ́n láìsí swastika. Ewé óákù mẹ́ta ló gba ipò rẹ̀, 1813 ṣì wà lẹ́yìn. Rìbọ́n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 1939, nítorí náà àárín iwájú ni kí o wò.