Ère dísíìkì: fífẹ̀ rẹ̀ àti sísúnkì rẹ̀

Ó ń bí mi nínú bí mo ṣe ń rí "àwòrán dísíìkì" káàkiri, tí wọ́n fi túmọ̀ "disk image". Ohun tí ojú ń wò là ń pè ní àwòrán. Fáìlì gígábáìtì 8 tí kọ̀ǹpútà ń lò bíi dísíìkì gan-an, ta ló fẹ́ wò ó? Ọmọ kan tí mò ń kọ́ níṣẹ́ bi mí pé àwòrán ta ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ló jẹ̀bi.

Ère dísíìkì ni mo ń pè é. Ẹni tó bá mọ ère ìbejì á mọ ìdí rẹ̀: ọmọ ti lọ, síbẹ̀ ìyá ń wẹ ère, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń fún un lóúnjẹ bíi ti ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń ṣe fún fáìlì yìí, kò béèrè bóyá irin wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ni ère ń rán àwọn létí, pé kí á sọ pé "ẹ̀dà". Ẹ̀dà kẹ̀? Èyí tí mo fi mkfs.ext4 (àṣẹ tó ń dá ètò fáìlì ext4 sílẹ̀) ṣe láàárọ̀ yìí, ẹ̀dà kí ni? Kò sí dísíìkì kankan tí mo dà kọ.

Wọ́n tún ní "àtúnṣe ìwọ̀n" fún "resize". Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe! Èyí tó burú jù ni pé ó da fífẹ̀ àti sísúnkì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wọn kò papọ̀, ẹni tó bá sì ṣì í ṣe á pàdánù fáìlì rẹ̀.

Ẹ fi oko iṣu wò ó. Ère ni ilẹ̀, ètò fáìlì inú rẹ̀ (filesystem, ìlànà tí a fi ń to fáìlì sínú rẹ̀) ni ebè. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ oko, ẹ ó gba ilẹ̀ kún un kí ẹ tó kọ ebè dé ibẹ̀:

truncate -s +2G ere.img
e2fsck -f ere.img
resize2fs ere.img

Truncate ló ń gba ilẹ̀ kún un, e2fsck ń yẹ ètò fáìlì wò bóyá ó péye, resize2fs ló ń kọ ebè. Bí ẹ bá dúró sórí truncate, ls (tó ń fi ìwọ̀n fáìlì hàn) á ní ère ti tóbi, ṣùgbọ́n df (tó ń fi àyè inú ètò fáìlì hàn) kò ní rí àfikún kankan. Ilẹ̀ wà, ebè kò sí.

Bí ẹ bá fẹ́ sún un kì, ẹ umount rẹ̀ (ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́) ná, kí ẹ wa iṣu etí oko wá sáàárín, lẹ́yìn náà kí ẹ tó ta ilẹ̀:

e2fsck -f ere.img
resize2fs ere.img 4G
truncate -s 4G ere.img

Ẹni tó bá fi truncate ṣáájú ti ta ilẹ̀ tòun ti iṣu inú rẹ̀. Bí páátíṣọ̀n (ìpín dísíìkì) bá wà nínú ère tí ẹ fẹ́ fẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí resize2fs tó kàn.

Ext4 ni mo ń sọ o. Xfs_growfs ni ẹ ó fi fẹ XFS, irú ètò fáìlì mìíràn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mount rẹ̀ (so ó mọ́ kọ̀ǹpútà fún lílò). Ẹ má retí pé yóò súnkì bíi ti ext4.