Surfactant Kì Í Ṣe Ọṣẹ Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Omi fẹ́lẹ́ kan tẹ́ sí ara gbogbo àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, tí iye wọn ju 300 mílíọ̀nù lọ. Ojú omi yìí a máa fa ara rẹ̀ jọ, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń mú kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láílọ́ọ̀nù tí ó tutù lẹ̀ mọ́ra. Èròjà ọlọ́ràá tí ẹ̀dọ̀fóró ń pèsè láti dín ìfà yìí kù ni surfactant.

Ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fi í wé ọṣẹ, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Àfiwé yìí ń ṣini lọ́nà, nítorí ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà gan-an ni ó fò. Ọṣẹ ń dín ìfà omi kù ní ìwọ̀n kan náà, yálà ojú omi fẹ̀ tàbí ó há. Bí ìfà bá sì dọ́gba nínú àpò ńlá àti kékeré tí wọ́n jọ ṣí sí ara wọn, kékeré ni yóò tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sínú ńlá, nítorí pé bí àpò bá ṣe kéré tó ni agbára tí ń fún un pọ̀ ṣe ń le tó.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n dúró káàkiri lábẹ́ àtíbàbà níbi òde ìnáwó, tí ilẹ̀ ń hàn láàárín wọn. Bí òjò bá dé tí gbogbo wọn sún sí àárín, èjìká á kan èjìká, ilẹ̀ kò sì ní hàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni surfactant ṣe ń há mọ́ra lójú omi nígbà tí a bá mí síta tí àpò sì kéré, títí ìfà náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí a bá mí wọlé, àlàfo á ṣí, ìfà á sì padà. Ọpọlọ kò pa àṣẹ kankan: bí àpò ṣe tóbi tó ni ó ń pinnu ìrànlọ́wọ́ tí yóò rí gbà. Ní 1957 ni oníwádìí John Clements, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìfà náà ń yí padà bẹ́ẹ̀.

Àbùkù surfactant ni pé ó ń pẹ́ dé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 35 oyún ni ó sábà máa ń tó, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí a bí láìpé oṣù fi ń ṣe làálàá láti tún ẹ̀dọ̀fóró ṣí ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà fọ́n lájorí ọ̀rá inú surfactant nìkan sínú afẹ́fẹ́ tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mí, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ tó. Ní 1980 ni dókítà Tetsuro Fujiwara, ní Japan, lo surfactant tí a yọ láti inú ẹ̀dọ̀fóró màlúù fún ọmọ 10, mímí wọn sì dára sí i, nítorí pé àwọn purotéènì tí ń mú kí ọ̀rá náà yára tẹ́ lójú omi ṣì wà nínú rẹ̀.