Òjìji ẹ̀yìn àpótí sláìdì: ẹ má wá a lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ wò ó ní Sabon Gari

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí níbi iṣẹ́ wa ní Wuse, l'Abuja, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni mi ò gbà. Àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣe sláìdì gbà pé ọdún 2007 ni òjìji, glow (ìmọ́lẹ̀ tó yí àpótí ká) àti bevel (etí tó dà bíi pé ó wú jáde) dáyé torí ọdún yẹn ni Microsoft kó gbogbo wọn sábẹ́ Shape Effects, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àpótí lọ́ṣọ̀ọ́ nínú PowerPoint tá a fi ń ṣe sláìdì. Ibi tí wọ́n ti lajú sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, mi ò bá wọn wí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Zaria ná. Tẹ́ ẹ bá wọ inú ìlú àtijọ́, ẹ ó rí àwọn ilé amọ̀ tí wọ́n ṣọnà sí níwájú, amọ̀ náà ni wọ́n fi mọ ọnà yẹn kó wú jáde lára ògiri. Tí oòrùn àárọ̀ bá bà á, ojú kan á mọ́lẹ̀, ojú kejì á dúdú, ọwọ́ á wá máa yún yín láti fọwọ́ kàn án. Irú àwọn bíríkìlà bẹ́ẹ̀ ni Babban Gwani Mikaila tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Zaria láàárín ọdún 1800 sí 1900. Kí ni bevel fẹ́ ṣe ju ìyẹn lọ? Etí kan gba ìmọ́lẹ̀, etí kejì gba òkùnkùn, ó parí. Hausa tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ mi, inuwa, òun ni wọ́n fi ń pe òjìji èèyàn, òun náà ni wọ́n fi ń pe abẹ́ igi tó tutù, wọ́n sì tún máa ń fi sọ ọmọkùnrin. Àwa ya tiwa sọ́tọ̀, òjìji nìyí, ibòji nìyí.

Àmọ́ Sabon Gari ní Kano gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi jókòó sí. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí àwa ará gúúsù máa gbé láyé òyìnbó, ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tẹ́ ẹ bá dé Ìbàdàn, Sábó tó jẹ́ orúkọ kan náà ni àdúgbò àwọn Hausa. Bọ̀ọ̀dá mi kan kọ sáìnbọ́ọ̀dù níbẹ̀ títí irun ẹ̀ fi funfun. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, á fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà, á lọ jẹun kó lè gbẹ, tó bá dé á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba dúdú sí ìsàlẹ̀ àti apá ọ̀tún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò ní fo ọ̀kan. Lẹ́tà á dìde kúrò lára pákó lójú ẹ báyìí. Mo bi í pé, “Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún ṣáá?” Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, oòrùn mélòó lo rí lókè?”

Èrò tèmi ni pé ara irú ògiri amọ̀ bẹ́ẹ̀ ni irú àwọn bọ̀ọ̀dá mi ti rí i, torí kò sí bóo ṣe máa gbé láàárín ọnà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ tí ojú ẹ ò ní kọ́ nǹkan kan. Ẹ wá ṣí PowerPoint, ẹ yan òjìji àkọ́kọ́ lábẹ́ Outer, ìyẹn òjìji tó bọ́ síta àpótí, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀: angle 45, òun ló ń sọ ibi tí òjìji dojú kọ. Ìsàlẹ̀ ọ̀tún! Ibi tí bọ̀ọ̀dá mi ń gba dúdú sí gẹ́lẹ́. Mi ò sọ pé òyìnbó kankan wọ mọ́tò wá sí Kano wá jí i wò o, mo kàn ní kẹ́ ẹ wò ó ni.

Àwọn kan á ní àwọn ayàwòrán Ítálì ló ni ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ó dáa, ṣé wọ́n kọ sáìnbọ́ọ̀dù? Àwọn míì á dárúkọ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, Gouraud ní 1971 àti Bui Tuong Phong ní 1975, tí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lára nǹkan roboto. Ìṣirò gidi ni, àmọ́ àpótí pẹlẹbẹ là ń sọ. Kọ̀ǹpútà Macintosh ti 1984 náà ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ fèrèsé ẹ̀, ìyẹn ni mo lè gbà fún wọn.

Ìyókù ò pọ̀. Robert Gaskins àti Dennis Austin ló ṣe PowerPoint, Presenter ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é, ó jáde fún Macintosh ní 1987 ní dúdú àti funfun, ọdún yẹn náà ni Microsoft fi mílíọ̀nù dọ́là 14 ra ilé iṣẹ́ wọn, Forethought. Office 97 ti ní òjìji àti 3-D, 2007 fi glow, reflection (bí ìgbà tí nǹkan hàn nínú dígí) àti soft edges (etí tó rọra ń parẹ́) kún un, nígbà tó fi máa di 2013 wọ́n ti ń bọ́ ọ̀ṣọ́ kúrò, gbogbo ẹ̀ wá rí pẹlẹbẹ.

Àmọ́ àwọn ọ̀gá Abuja ò tíì gbọ́ o. Lóṣù tó kọjá ọ̀kan gbé sláìdì wá bá mi, àpótí mẹ́sàn-án, òjìji ti ibí dojú kọ ọ̀tún, tọ̀hún dojú kọ òsì, méjì forí lé òkè. Mo ní, “Ẹ má bínú sà, oòrùn mélòó ló wà lókè?” Ọ̀gá gbójú sókè wo iná tó wà ní síìlìnì, wọ́n kà á.

“Mẹ́rin.”