Bí a ṣe ń wá àléébù wáyà lára apá ẹ̀rọ ìfínko

Oògùn apakoríko tí a ń fín sí oko àgbàdo kí koríko tó hù kì í fún àgbẹ̀ láyè púpọ̀. Lẹ́yìn tí irúgbìn bá ti wọlẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré ni oògùn náà fi lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àdánù gidi fún olóko ńlá ní Mọníyà tàbí Ìdó, tí ìpín kan lára apá ẹ̀rọ ìfínko tí katakata ń gbé (irin gígùn tí àwọn ẹnu tó ń tú oògùn tò sí lára) bá dédé kọ̀ tí kò tú oògùn mọ́, tí wọ́n sì ní kí ẹnìkan sáré lọ sí Géètì ní Ìbàdàn lọ ra fáàfù tuntun (ẹ̀yà tó ń ṣí ọ̀nà oògùn tó sì ń tì í), nígbà tó jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe fáàfù ara ẹ̀rọ. Ojú ibi tí wáyà ti so kọ́ra ló sábà ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kí a tó náwó.

Ọ̀nà tí iná ń gbà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Iná 12 fóltì máa ń kúrò ní bátìrì katakata, á gba inú fíúsì kọjá, á sì dé àpótí swíìṣì tó wà lọ́wọ́ awakọ̀, níbi tí swíìṣì àgbà wà pẹ̀lú swíìṣì kọ̀ọ̀kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀, wáyà á tẹ̀lé irin apá náà títí dé ara fáàfù. Kọ́ìlì inú fáàfù, ìyẹn wáyà tí a wé jọ, á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa fáàfù ṣí, oògùn á sì ráyè dé ẹnu nósù tó ń tú u jáde. Kò tán síbẹ̀: iná náà gbọ́dọ̀ padà sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, yálà nínú wáyà àbọ̀ tàbí lára irin bódì. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì tó ọ̀nà àlọ.

Bí àìsàn náà ṣe farahàn ló ń tọ́ka ibi tí a ó ti wá a. Bí gbogbo ìpín bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú ni ọ̀rọ̀ wà: fíúsì, orí bátìrì tàbí swíìṣì àgbà. Bí gbogbo ìpín ọwọ́ ọ̀tún bá kú tí ti òsì ń ṣiṣẹ́, wáyà àbọ̀ tí wọ́n jọ ń lò ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìpín kan ṣoṣo, a ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, a ó sì fi púlọ́ọ̀gì ìpín tó tẹ̀lé e, èyí tó ń ṣiṣẹ́, bọ fáàfù náà lẹ́nu. Bí fáàfù bá jí, wáyà rẹ̀ ló ní àléébù. Bí kò bá jí, a jẹ́ pé fáàfù gan-an ló bàjẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí, kí a fi omi tó mọ́ fọ ẹ̀rọ náà, kí a sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí oògùn máa ń gbẹ mọ́ ara púlọ́ọ̀gì.

Mítà tí a fi ń wọn iná lè tan ènìyàn jẹ níhìn-ín. Tí a bá yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára fáàfù, tí a sì wọn ẹnu rẹ̀, a lè rí 12 fóltì pérépéré, kí a sì pinnu pé wáyà dára. Ṣùgbọ́n iná tí mítà ń fà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nínú wáyà lè gbé e. Fáàfù ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Óòmù ni a fi ń wọn ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé, áńpíà ni a sì fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Ká mú kọ́ìlì tó ní óòmù 6: lórí 12 fóltì, áńpíà 2 ni yóò fà. Bí ojú ìso kan tó ti dógùn-ún bá fi óòmù 3 kún un, gbogbo rẹ̀ di 9, iná á wálẹ̀ sí áńpíà 1.33, fóltì 8 péré ló sì máa dé ara kọ́ìlì. Fóltì 4 ti ṣòfò sójú ìso, fáàfù lè máa gbọ̀n láìṣí. Nítorí náà, kí púlọ́ọ̀gì wà nídìí fáàfù, kí swíìṣì wà ní títàn, kí a tó wọn ohunkóhun. A ó fi ọwọ́ mítà kan sí nẹ́gétíìfù fáàfù, a ó fi ìkejì sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ohun tí a ó rí yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, bí ó bá sì ju ìdajì fóltì lọ, ìdíwọ́ wà lọ́nà àbọ̀. Ẹni tí kò ní mítà lè so wáyà méjì mọ́ gílóòbù bíréèkì tó jẹ́ wáàtì 21, kí ó sì fi í sí ẹnu púlọ́ọ̀gì: bí ó bá tàn bàìbàì, ọ̀nà iná kò dára. Kí a má ṣe fi irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ kan wáyà kọ̀ǹpútà lára ẹ̀rọ ìgbàlódé, torí ó lè bà á jẹ́.

Ibi tí apá ti ń ká ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wáyà ibẹ̀ ń tẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ká apá tàbí tí a nà án, bàbà inú rẹ̀ á sì máa já díẹ̀díẹ̀ nígbà tí rọ́bà òde ṣì ń dán. Tí a bá rọra fà á, tí rọ́bà sì ń nà láìní agbára, bàbà ti já nínú. Púlọ́ọ̀gì ló tẹ̀lé e: ajílẹ̀ olómi ní iyọ̀ tó ń jẹ bàbà. Bí a bá fi ọ̀bẹ bó rọ́bà náà sẹ́yìn, a ó rí bàbà tó yẹ kó máa pọ́n dán bí ó ti di dúdú tàbí àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà wáyà láti dán iná wò ń ṣílẹ̀kùn fún ìbàjẹ́ yìí gan-an. Ẹ̀rọ tó wà nínú àká láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a wò ó bóyá eku ti jẹ wáyà rẹ̀.

Àtúnṣe tó máa pẹ́ ni kí a gé wáyà náà sẹ́yìn títí a ó fi kan bàbà tó ń dán, kí a fi irin ìso fún un pinpin, kí a sì fi rọ́bà tó ń sún kì nínú ooru bò ó. Téèpù dúdú nìkan kò lè dá oògùn dúró. Kí ojú ìso má ṣe bọ́ sí ibi ìká, kí wáyà ibẹ̀ sì ní ìdẹra díẹ̀. Ní ti bódì, kí a ha ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi dán, kí a dè é pinpin, kí a sì fi gíríìsì bò ó. Fíúsì tó jó, irú iye rẹ̀ gan-an ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí i, wáyà ló fẹ́ sun. Bí wọ́n bá fẹ́ jó irin apá náà, kí wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, nẹ́gétíìfù ni kí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a rọ omi lásán sínú táńkì, kí a tan ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sì máa fi ọwọ́ mi wáyà láti ibi ìká títí dé fáàfù nígbà tí ẹlòmíràn ń wo nósù. Bí omi kò bá dáwọ́ dúró lẹ́nu nósù kankan, a lè po oògùn.