Wọ́ọ̀dù Tí A Kò Gbọ́ Àṣìṣe Rẹ̀ Kọ́ Ni Ààbò Wà Jù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́ọ̀dù tí ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ bá ṣófo ni aláìsàn lè fọkàn balẹ̀ sùn sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá mìíràn a sì máa fi í yangàn. Ìgbàgbọ́ òdì ni, ó sì ń pa ènìyàn.

Nígbà tí Amy Edmondson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ń ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní ilé ìwòsàn, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1996, ohun tí ó ń retí ni pé àṣìṣe yóò kéré jù láàárín àwọn nọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ wọn yé ara wọn, tí ọ̀gá wọn sì mọ ènìyàn í darí. Òdìkejì ni àkọsílẹ̀ fi hàn. Ìgbà tí wọ́n tú u wò dáadáa ni ó hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù kò kàn bà wọ́n láti sọ tiwọn ni, nígbà tí àwọn tí ọ̀gá wọn le koko ń bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Ẹ wo oògùn tí a ń pè ní potassium chloride. Ìgò abẹ́rẹ́ rẹ̀ kékeré lè jọ ti omi tí a fi ń po abẹ́rẹ́. Méjèèjì mọ́ gaara, lẹ́tà ara wọn sì tín-ín-rín. Bí a kò bá fi omi là á kí ó máa kán wọ iṣan díẹ̀díẹ̀, ó lè mú kí ọkàn ṣíwọ́ lílù. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń tọ́jú wọ́ọ̀dù tó kún ní aago méjì òru, ó ti fà á sínú síríńjì kí ó tó tún ara ìgò kà, àyà rẹ̀ já, ó dà á nù. Bí ó bá sọ ọ́ lówùúrọ̀, kúèrì ni yóò gbà. Nítorí náà ó pa ẹnu mọ́, ìgò méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù de ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò sọ pé bí kò bá sí ìyà, òṣìṣẹ́ yóò ya aláìbìkítà. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀mí aláìsàn ṣeré gbọ́dọ̀ jìyà. Ṣùgbọ́n kí a jẹ ẹni tí àárẹ̀ mú níyà, kí a wá fi ìgò sílẹ̀ níbi tí ó wà, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ní ọdún 2002, àjọ tí ó ń rí sí ààbò aláìsàn ní Brítéènì ní kí wọ́n kó potassium chloride tí a kò tíì là kúrò ní àwọn wọ́ọ̀dù gbogbogbò. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì tí oorun ń kùn lè na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù lóru, kò ní bá a níbẹ̀.